Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Kọ̀ǹpútà Tí Ilé-Iṣẹ́ Ti Pa Tì?

 

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti kú nìyẹn?" Kò kú. Bí ẹ bá tàn án láàárọ̀ ọ̀la, yóò tàn. Word yóò ṣí, pírińtà yóò tẹ̀wé, WhatsApp yóò wọlé. Ohun tó yí padà ni pé ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ Microsoft tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìtọ́jú ti bọ́ sọ́wọ́ òun lè lo ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀, bó tilẹ̀ ra èyí tó dé lánàá, inú ewu náà ló wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àtúnṣe jẹ́. Ènìyàn ló kọ Windows, àṣẹ tí wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè kà á tán. Kò sí bí àṣìṣe kò ṣe ní í wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí àṣìṣe kan, wọn a tún un ṣe, wọn a sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan rò pé bí àtúnṣe bá dáwọ́ dúró, ipò tí ẹ̀rọ wà lọ́jọ́ náà ni yóò wà títí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Windows 10 àti Windows 11 jọ ní ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ́ ogún ilé sórí ilẹ̀ kan pẹ̀lú àwòrán kan náà, tí bíríkìlà wá lọ dí ihò tó wà lára ògiri mẹ́wàá nínú wọn, olè tó ń kọjá lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ibi tí ihò wà lára mẹ́wàá tó kù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, àmọ́ níhìn-ín, ẹni tó ń tún ògiri ṣe gan-an ló ń fi ẹnu ògiri han aláǹgbá. Gbogbo oṣù tí Windows 11 bá gba àtúnṣe ni ẹni ibi ń rí ohun tuntun kọ́ nípa Windows 10 tí kò gbà á.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe fún ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́? Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn, tó tún ti ń bí ẹni nínú.

Ẹ rántí Windows XP. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, àtúnṣe rẹ̀ sì parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ọdún méjìlá lé díẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Microsoft kò gbìyànjú. Nígbà tó parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ATM káàkiri àgbáyé ló ṣì ń lò ó. Wọ́n ní ó parí fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò parí fún olówó. Ní oṣù kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5 pọ́n-ùn fún Microsoft kí ó lè máa bá wọn tún XP ṣe fún ọdún kan sí i. Ní ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí mílíọ̀nù 9.1 dọ́là nítorí XP àti àwọn ètò àtijọ́ mìíràn tí wọ́n ṣì ń lò. Àtúnṣe wà ńlẹ̀, wọ́n ń ṣe é lóṣooṣù. Àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọn kò fún.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n kan fi rí ẹ̀yìnkùlé gbà wọlé. Ẹ̀dà XP kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìgbowó inú ilé ìtajà. Orúkọ rẹ̀ ni Windows Embedded POSReady 2009, Microsoft sì ti ṣèlérí àtúnṣe fún un títí di oṣù kẹrin ọdún 2019. Inú kan náà ni òun àti XP ti wá. Kò tíì pé oṣù méjì tí XP parí tí àwọn kan fi ṣí Notepad, tí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta péré sínú rẹ̀:

Windows Registry Editor Version 5.00
[HKEY_LOCAL_MACHINE\SYSTEM\WPA\PosReady]
"Installed"=dword:00000001

Wọ́n fún fáìlì náà ní orúkọ tó parí sí .reg, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn. XP gbà pé ẹ̀rọ ìgbowó ni òun, àtúnṣe sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Microsoft kìlọ̀ pé àwọn kò dán àtúnṣe wọ̀nyí wò lórí XP gidi, pé ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní gba ilé ìwòsàn nímọ̀ràn pé kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta yẹn tú àṣírí kan síta, pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló mú àtúnṣe dáwọ́ dúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí Windows 10 báyìí. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní IoT Enterprise LTSC 2021, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àti irú wọn. Oṣù kìíní ọdún 2032 ni àtúnṣe tirẹ̀ yóò tó parí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Windows 10 ti gbó jù, pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ bi í pé ti ta ni wọ́n yóò máa tún ṣe títí di 2032.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn fi ń dẹ́rù bà wá, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wo kọ̀ǹpútà wọn, ojú rẹ̀ ṣàdédé di pupa. Ìwé kan hàn níbẹ̀ pé a ti ti gbogbo fáìlì yín pa. Wọ́n ní kí wọ́n san 300 dọ́là ní Bitcoin. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, ó di 600. Aago kan ń ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ lápá òsì. Fáírọ́ọ̀sì náà kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ojú-ọ̀nà 445 tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kan náà fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn ló ń gbà, láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Irinṣẹ́ tó fi ń wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ àjọ amí NSA ti Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan jí i, wọ́n sì tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹrin ọdún náà.

Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ìwé ìṣúná ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wò ṣèwádìí, wọ́n rí i pé ó kéré tán, 80 nínú 236 àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn ní England ló fara gbá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdéhùn ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fagi lé, a sì rí ilé ìwòsàn márùn-ún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn pàjáwìrì kọjá lọ síbòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan tó ń jẹ́ Marcus Hutchins ló dá a dúró. Ó rí orúkọ ìkànnì gbọọrọ kan nínú fáírọ́ọ̀sì náà tí kò sí ẹni tó ni ín, ó sì ra orúkọ náà. Ìgbàkígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ti rí i pé orúkọ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń jáwọ́.

Ìwé ìròyìn gbogbo pariwo pé XP ló fa á. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Kaspersky ṣírò pé bíi 98 nínú 100 ẹ̀rọ tí àwọn rí tó kó fáírọ́ọ̀sì náà, Windows 7 ni wọ́n ń lò. Àtúnṣe Windows 7 kò sì tíì parí nígbà yẹn, ó di oṣù kìíní ọdún 2020. XP púpọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì náà kàn, ńṣe ló kàn dákú, ojú rẹ̀ di búlúù, kò sì ráyè ran ẹlòmíràn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ni àtúnṣe tí ìbá gba Windows 7 là ti jáde, ó sì jókòó fún bí oṣù méjì gbáko, ẹni tí yóò fi í sórí ẹ̀rọ ni kò sí. Ti XP ńkọ́? Ọjọ́ kejì ìkọlù ni Microsoft gbé àtúnṣe tirẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbóríyìn fún wọn. Àwọn tó wo inú fáìlì náà rí i pé oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n ti ṣe é tán. Oṣù mẹ́ta ló fi wà nínú àpótí, tí wọ́n ń fún kìkì àwọn tó sanwó.

Ẹ rí i báyìí pé ẹ̀bi méjì ni. Ti ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ẹni tó ni ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wa láti tún ṣe.

Tiwa ńkọ́? Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú àwọn ẹnjiníà wa tó wà níhìn-ín, kí wọ́n má bínú. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá, ohun àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni kí a fi Windows tí kò ní ìwé-àṣẹ sí i, kí a wọ inú Services, kí a wá Windows Update, kí a sọ ọ́ di Disabled. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un, nítorí pé àtúnṣe ń jẹ détà, détà sì wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ kò dúró de oṣù kẹwàá ọdún 2025 kó tó di ẹ̀rọ tí a pa tì. Ọjọ́ tó kúrò lórí tábìlì ẹnjiníà ni àtúnṣe rẹ̀ ti parí. Bí détà bá jẹ́ ìṣòro, Windows 10 àti 11 ní ibì kan tí a ti lè sọ fún un pé détà ìnáwó ni à ń lò. Wọ́n pè é ní Metered connection, yóò sì dín ohun tó ń fà wọlé kù gan-an. Ẹ ṣí i padà nígbà tí ẹ bá dé ibi tí Wi-Fi wà. Èyí dára ju kí a pa á pátápátá lọ.

Tòkunbọ̀ tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù tó ń lo iná ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún. Windows 11 kò gba kọ̀ǹpútà Intel tó bá dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, ó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ní ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó tó ní láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà tàbí ìkeje yóò tà wọ́n dànù. Ibo ni ẹ rò pé wọn yóò gbà? Wọn yóò dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ̀rọ tó lágbára, tó ní RAM 8GB, tí kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sàn lójú mi ju láptọ́ọ̀pù tuntun olówó pọ́ọ́kú tí inú rẹ̀ ń falẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tí a óò fi sínú rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya ohun kan sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Bí ìkànnì kò bá ṣí mọ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn sí kí àtúnṣe ààbò dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá ṣí ìkànnì báńkì, àgádágodo kékeré kan ń hàn lókè. Ó túmọ̀ sí pé ìkànnì náà fi ìwé-ẹ̀rí hàn, àti pé ẹnì kan tí kọ̀ǹpútà yín mọ̀ ló fọwọ́ sí i. Orúkọ àwọn tí kọ̀ǹpútà mọ̀ wà nínú rẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀kan nínú wọn, DST Root CA X3, parí. Òun ni ó ti ń ṣe onídùúró fún àìmọye ìkànnì tó ń lo ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ ti Let's Encrypt. Lọ́jọ́ náà, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò mọ onídùúró tuntun kọ̀ láti ṣí ìkànnì tí wọ́n ṣí lánàá. Kò sí ẹni tó kọ lù wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kàn fi orúkọ onídùúró tuntun, ISRG Root X1, sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, ọ̀nà sì là. Èdè ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀rọ àti ìkànnì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ náà ń yí padà. Ní ọdún 2020, Chrome, Firefox àti àwọn yòókù pa àwọn ẹ̀dà àtijọ́ èdè náà, TLS 1.0 àti 1.1, tì. Internet Explorer 8 tó wà lórí XP kò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé wọn, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ṣí ọ̀pọ̀ ìkànnì mọ́.

Lórí èyí náà, bátìrì kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀. Ó rí roboto, ó ń dán, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ òní bí a bá yọ wáyà rẹ̀. Bí ó bá kú, kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é, ká sọ pé 2009. Yóò wá yẹ ìwé-ẹ̀rí ìkànnì wò, yóò rí i pé ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tíì pé, yóò sì kígbe pé ìkànnì náà kò ṣeé fọkàn tán. Àwọn kan ti gbowó lọ́wọ́ oníbàárà láti pa gbogbo nǹkan rẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tún Windows tò, nítorí bátìrì yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún kí ẹ tó fa àpò yọ.

Ó ku aṣàwákiri, ìyẹn Chrome, Firefox àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Chrome pa XP tì ní 2016, Firefox ní 2018. Chrome 109 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ìkẹyìn tí Windows 7 rí. Ní ti Windows 10, Microsoft ti sọ pé Edge, aṣàwákiri tirẹ̀, yóò máa gba àtúnṣe lórí rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028, ó kéré tán. Lójú tèmi, ọjọ́ tí aṣàwákiri bá parí ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju ọjọ́ tí Windows parí lọ, nítorí pé inú aṣàwákiri ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó yá, kí ni kí a ṣe?

Ẹni tó ní Windows 10 tó ní ìwé-àṣẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. 30 dọ́là ni wọ́n dá lé e. Bí ẹ bá gbà kí Windows fi ètò rẹ̀ pamọ́ sórí OneDrive, ọ̀fẹ́ ni. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kan ní ọdún àkọ́kọ́, tí yóò máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ èyí: ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wà lábẹ́ ètò ìwé-àṣẹ ti ẹ̀kọ́, dọ́là kan ni ọdún àkọ́kọ́, dọ́là méjì ní ìkejì, mẹ́rin ní ìkẹta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ̀gá iléèwé yín pé dandan ni kí ẹ da gbogbo kọ̀ǹpútà nù.

Àwọn kan ń fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Rufus ṣe fíláàṣì tó máa ń fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò pé ojú ìwọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó sì máa fi gbé e lọ sórí ẹ̀dà tuntun lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo Core 2 Duo kò lè gbé ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 rárá, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Linux, ètò mìíràn tí a lè fi rọ́pò Windows. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Linux Mint 22 yóò máa gba àtúnṣe títí di oṣù kẹrin ọdún 2029, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè fi í sórí fíláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì náà, kí ẹ lò ó fún wákàtí kan, kí ẹ wo bóyá Wi-Fi, ohùn àti pírińtà yín ń ṣiṣẹ́, láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú ẹ̀rọ. LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí fáìlì Word. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé à ń wá a kiri, èyí tí ẹ̀yin olùkọ́ èdè yóò fẹ́. Ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìwé kíkọ, WhatsApp àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, n kò rí ìdí tí yóò fi máa lo Windows tí a pa tì. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú: CorelDRAW tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kò sí lórí Linux. Ẹni tó ní iṣẹ́ ogún ọdún nínú fáìlì CorelDRAW, tàbí tó ní ẹ̀rọ ìgékáàdì tí XP nìkan ń bá sọ̀rọ̀, kò lè kàn ṣí lọ bẹ́ẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Kì í ṣe ìtìjú rárá. Ètò tó ń darí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní San Francisco, láti 1998 ni wọ́n ti ń fi díìsìkì pẹlẹbẹ àtijọ́ gbé e dìde láràárọ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 212 dọ́là láti pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń kó wọn láyà sókè ni pé díìsìkì náà yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú-ọ̀nà 445 rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni níta.

Fíláàṣì nìkan ló kù tí a ó máa fi gbé iṣẹ́ wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjàǹbá wà. Fáírọ́ọ̀sì Conficker tó gba ayé kan ní 2008 àti 2009, ara ohun tó gùn wá ni fíláàṣì. Oníbàárà gbé tirẹ̀ dé láti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o sì tì í bọ inú XP tìrẹ. Ẹ ní kọ̀ǹpútà kan tó ní àtúnṣe, bóyá èyí tó ń lo Linux, níbi tí gbogbo fíláàṣì yóò ti kọ́kọ́ dúró. Kí ẹ da fáìlì tí ẹ fẹ́ nìkan kọ sórí fíláàṣì tiyín tí kì í jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì jẹ́ pé tiyín yẹn nìkan ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ XP.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní gbà kí XP kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Microsoft pa ojú-ọ̀nà tí XP fi ń bá sáfà àtúnṣe rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn kan sì dá ohun tí wọ́n pè ní Legacy Update sílẹ̀, tó tún so ó padà mọ́ àwọn àtúnṣe àtijọ́ tó ṣì wà níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dá padà kò kọjá àtúnṣe tó ti wà tẹ́lẹ̀, ihò tí wọ́n rí lẹ́yìn náà kò dí. Ẹni tó bá fẹ́ fi XP ṣeré, kí ó ṣeré. Kí ó fi í sẹ́yìn ráútà tirẹ̀, kí ó má gbé e lọ sórí Wi-Fi gbogbogbòò níbi tí àlejò ti lè kan ojú-ọ̀nà 445 rẹ̀, kí ó má sì kọ nọ́ńbà ATM tàbí pásíwọọ̀dù báńkì rẹ̀ sí i láéláé.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ fóònù parí, torí pé fóònù ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ rántí BlackBerry? Ẹni tí kò ní PIN nígbà kan, bí ẹni tí kò sí láwùjọ ni. BBM tí a fi ń ránṣẹ́ lórí rẹ̀ kógbá wọlé ní 2019, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà pa ohun tó ń gbé àwọn BlackBerry àtijọ́ ró. Fóònù tó ń dún kò dá ẹni lójú mọ́ pé yóò pe ẹnikẹ́ni. WhatsApp pa Android 4 tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Nǹkan sì ti ń yí padà díẹ̀. Google ṣèlérí ọdún méje lórí Pixel 8, Samsung náà ṣèlérí ọdún méje lórí Galaxy S24. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024 tó fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò parí. Nítorí náà, bí fóònù tòkunbọ̀ láti London tí wọ́n gbé kò yín lójú bá jẹ́ èyí tí wọ́n tà ní tuntun lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ yẹ kó wà níta gbangba fún ẹni tó bá wá a.

Bí a bá dé Ìkẹjà, a ń bèèrè kámẹ́rà, a ń bèèrè bátìrì, a ń bèèrè bóyá 128 ni tàbí 256. Ẹ wọ inú Settings, ẹ wá About phone, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Android security update sí. Bí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ sọ pé kí ẹni tó ń tà á wá àtúnṣe níṣojú yín. Bí kò bá rí òmíràn, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń tà á mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì bínú, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Alága ń wo aago. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.